Sítóòfù Lórí Koríko

Sítóòfù náà fẹ́rẹ̀ẹ́ já bọ́ lọ́wọ́ wọn lórí àtẹ̀gùn iwájú ilé. Nadine Hruska ló wà nísàlẹ̀, ó fi àyà ti irin náà. Ọkọ rẹ̀, Gil, wà lókè, ó di ẹ̀yìn sítóòfù mú, ó sì ń mí bí ẹni tó sáré dé.

"Gil, ẹ̀yìn rẹ o."

"Fi ẹ̀yìn mi sílẹ̀. Ẹsẹ̀ tìrẹ ni kí o máa wò."

Wọ́n gbé e gúnlẹ̀ sórí koríko, láàárín àwọn àga yàrá ìdáná àti àwọn àtùpà tábìlì. Ó dúró síbẹ̀, ó funfun báláú, bí ẹni tó wọ aṣọ àwọ̀sùn jáde sí títì. Nadine kò lè wò ó pẹ́. Àmì kọfí àárọ̀ yẹn ṣì wà lórí rẹ̀, róbótó, kò tíì gbẹ tán.

Gil kọ iye rẹ̀ sórí bébà pélébé kan, ó lẹ̀ ẹ́ mọ́ ọn lára, ó sì nu ọwọ́ sára ṣòkòtò.

"Mo ń lọ gba ọkọ̀ akẹ́rù lọ́wọ́ Dwight," ó ní. "Kí n tó dé, kí o ti ya ohun tí a máa gbé lọ sọ́tọ̀. Indiana la máa sùn lálẹ́ òní."

"Gil…"

"A ti sọ ọ́ tán, Nadine."

Wọ́n ti sọ ọ́ tán lóòótọ́. Láti ọjọ́ tí ìwé kóòtù ti dé ni wọ́n ti ń sọ ọ́. Báńkì ló yá wọn lówó tí wọ́n fi ra ilé náà, oṣooṣù ni wọ́n sì ń san án padà láti ìgbà tí irun Gil ṣì dúdú. Nígbà tí ẹ̀yìn rẹ̀ bàjẹ́ níbi iṣẹ́ irin, tí iṣẹ́ sì bọ́, gbèsè oṣù kan gun orí òmíràn, báńkì sì pe ẹjọ́ láti gba ilé. Gil rí orúkọ wọn lórí ìwé náà, báńkì lókè, àwọn méjèèjì nísàlẹ̀ bí ọ̀daràn, ó sì pa á dé. Ó rántí ìgbà èwe rẹ̀, bí wọ́n ṣe kó ẹrù bàbá rẹ̀ jáde sí ẹ̀bá títì, tí ọlọ́pàá kóòtù dúró tì í, tí àwọn ọmọ kíláàsì rẹ̀ sì ń gun kẹ̀kẹ́ kọjá, tí wọ́n ń wò.

"Kí wọ́n tó kó tèmi jáde," ó ní lọ́jọ́ náà, "màá ti kó o jáde fúnra mi."

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní yàrá kan ní ìpínlẹ̀ Indiana, lókè gárééjì. Ọ̀rọ̀ parí.

Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe kéde pé àwọn fẹ́ ta ẹrù lórí koríko. Ní ìlú wọn, lẹ́bàá adágún Erie, kò sí ìtìjú kankan nínú ìyẹn. Tí yìnyín bá ti yọ́ tán, tí oòrùn sì yọjú, gbogbo ilé ló máa ń kó ohun tí wọn kò lò mọ́ síta lọ́jọ́ Jímọ̀. Àwọn aládùúgbò á wá, wọ́n á ná ife, wọ́n á ná bàtà ọmọdé, wọ́n á sọ̀rọ̀ ojú ọjọ́. Kò sẹ́ni tó ń béèrè ìdí. Ohun tó mú kí Gil yàn án gan-an nìyẹn. Ènìyàn lè kó gbogbo ayé rẹ̀ jáde lójú àdúgbò, kí wọ́n sì rò pé ilé ló ń gbá.

Ẹni tó kọ́kọ́ dé ni Bàbá Baranek, ará ilé kejì, arúgbó tó máa ń wọ fìlà onírun nínú ooru, tí kì í jẹ́ kí ọjà ẹnikẹ́ni ṣí tán kó tó débẹ̀. Ó gbé ṣọ́bìrì kan sókè, ó yí i sọ́tùn-ún, ó yí i sósì.

"Èló lẹ pe èyí?"

"Dọ́là mẹ́ta, Bàbá."

"Ó ti pọ̀ jù. Ẹ gba dọ́là kan."

"Bàbá, ṣọ́bìrì gidi mà ni."

"Mo mọ̀ pé gidi ni. Tèmi ni! Gil ló yá a lọ́wọ́ mi nígbà Kérésì, tó fẹ́ fi kó yìnyín. Ẹ ń ta ṣọ́bìrì mi fún mi, èmi òpònú náà tún dúró, mò ń ná an!"

Nadine bú sẹ́rìn-ín. Ó yà á lẹ́nu pé ẹ̀rín ṣì kù nínú òun.

"Ẹ máa gbé e lọ, Bàbá. Ẹ má bínú."

"Inú kò bí mi. Ṣùgbọ́n dọ́là kan yẹn, mi ò san án mọ́." Ojú rẹ̀ wá bọ́ sára sítóòfù. "Ẹ̀yin náà ti rówó o. Ṣé tuntun lẹ fẹ́ rà ni?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, Bàbá. Tuntun ni."

Irọ́ náà rọrùn lẹ́nu rẹ̀. Láti ìgbà òtútù ló ti ń pa irú rẹ̀: fún àwọn awakọ̀ ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tí wọ́n jọ ń wa bọ́ọ̀sì ilé-ìwé, fún àbúrò rẹ̀ obìnrin, fún olùṣọ́-àgùntàn. Ara ń yá. Gil ń sinmi. Kò sí wàhálà.

Ọjà ń tà. Tọkọtaya kan gbé tábìlì kékeré lọ. Obìnrin kan ra kọ́tìnì yàrá ìdáná, èyí tí Nadine ṣẹ̀ṣẹ̀ já kúrò lójú fèrèsé ní kùtùkùtù, ó sì ní àwọ̀ rẹ̀ dára, pé ta ló rán an. Nadine ní òun kò mọ̀. Òun ló rán an.

Nígbà tó ṣe, ó ṣàkíyèsí obìnrin kúkúrú kan tó fi àtùpà kan há abíyá, tó gbé báàgì ńlá kọ́ èjìká, tí kò sì wo ẹrù bí àwọn yòókù ṣe ń wò ó. Ó wo sítóòfù. Ó wo àwọn fèrèsé tí kò ní kọ́tìnì mọ́. Ó tún wo sítóòfù.

"Ẹ jọ̀ọ́, ṣé èyí ń ṣiṣẹ́?"

"Ó ń ṣiṣẹ́ dáadáa. Mo fi se kọfí láàárọ̀ yìí."

"Mo rí i." Obìnrin náà na ìka sí àmì róbótó yẹn. "Kí lẹ máa fi se tọ̀la?"

Nadine fi etí aṣọ rẹ̀ nu àmì náà kúrò.

"Ẹ má bínú pé mò ń béèrè," obìnrin náà rẹ ohùn sílẹ̀. "Ṣé ẹjọ́ báńkì ni?"

Etí Nadine gbóná. Ó yára wo ọ̀dọ̀ Bàbá Baranek tó tẹ̀ba sórí páànù ìṣó lọ́nà ibẹ̀ yẹn.

"Kí ló kàn yín níbẹ̀? Ṣé àtùpà lẹ wá rà ni, àbí ẹ wá wo ìdí ìkòkò mi?"

"Àtùpà ni. Ẹ gba owó yín." Ó san án, ṣùgbọ́n kò lọ. "Ivette Ocasio lorúkọ mi. Iṣẹ́ mi ni pé mo máa ń bá àwọn tí báńkì fẹ́ gba ilé wọn jókòó, ká jọ wo ohun tí a lè ṣe. Ìsàlẹ̀ ṣọ́ọ̀ṣì tó wà lẹ́yìn ilé ìkàwé ni ọ́fíìsì mi wà. Ibẹ̀ ṣókùnkùn bí ihò ehoro. Ìdí tí mo fi ń wá àtùpà nìyẹn."

"Èló lẹ máa gbà?"

Nadine sọ ọ́ bí ẹni tó tutọ́. Ọkùnrin kan ti pè wọ́n lórí fóònù nígbà òtútù, ohùn rẹ̀ dùn bí oyin, ó ní òun máa dá báńkì dúró. Ó gba owó lọ́wọ́ wọn. Láti ìgbà náà fóònù rẹ̀ kò dún mọ́.

Ivette mi orí, bí ẹni pé òun náà mọ ọkùnrin náà. "Mi ò gba kọ́bọ̀. Ìjọba ló ń san owó mi, kò sì tó nǹkan. Ẹni tó bá ní kí ẹ sanwó kí òun tó ràn yín lọ́wọ́, ẹ sá fún un. Tó bá jẹ́ èmi ni mo sọ bẹ́ẹ̀, ẹ fi ṣọ́bìrì bàbá yẹn lé mi."

"Ṣọ́bìrì mi kò sí fún yíyá mọ́!" Bàbá Baranek ké láti ibi páànù ìṣó.

Nadine pa ojú dé. Bàbá ti gbọ́. Ó dúró kí ilẹ̀ lanu kó gbé òun mì, ilẹ̀ kò lanu. Bàbá Baranek ṣì ń ṣa ìṣó rẹ̀, kò tilẹ̀ bojú wẹ̀yìn.

"Ta ló ní kí ẹ jáde?" Ivette bi í.

"Kóòtù ni."

"Ṣé adájọ́ ti dájọ́?"

"Ìwé wọn ti dé."

"Ẹ jẹ́ kí n rí i."

Inú báàgì ọwọ́ Nadine ni ìwé náà wà, ó ti ká sí mẹ́rin. Ivette kà á níbi tó dúró sí, ó ń ṣí i lójú ewé kọ̀ọ̀kan, àtùpà há a lábíyá.

"Ta ló ka ìwé yìí nínú yín?"

"Ọkọ mi."

"Ibo ló kà á dé?"

Nadine ronú. "Ibi orúkọ wa."

Ivette kò rẹ́rìn-ín. "Gbogbo wọn ló máa ń kà á dé ibẹ̀ yẹn. Ẹ gbọ́, ìwé yìí kò ní kí ẹ jáde. Ó ní báńkì ti wá sọ tẹnu rẹ̀, kí ẹ̀yin náà wá sọ tiyín. Ìbéèrè ni wọ́n bi yín. Ẹ̀yin wá ń palẹ̀ mọ́."

"Ṣùgbọ́n a jẹ wọ́n lówó lóòótọ́."

"Ẹ jẹ wọ́n. Kò sẹ́ni tó ní ẹ ò jẹ. Ṣé ìyẹn nìkan lẹ ní láti sọ? Ṣé ọkọ yín ti ríṣẹ́?"

"Ó ti ríṣẹ́ látìgbà tí yìnyín ti yọ́. Ilé ìkẹ́rùsí ni, iṣẹ́ tí kò ní kó bẹ̀rẹ̀ gbẹ́rù. Ó fi owó oṣù kan ránṣẹ́ sí báńkì, wọ́n dá a padà. Wọ́n ní àfi kó san gbogbo ẹ̀ pọ̀."

"Wọ́n máa ń dá a padà. Ẹ sọ ìyẹn náà. Ẹ sọ pé ẹ̀yìn ọkọ yín ló bàjẹ́, pé iṣẹ́ ti dé báyìí, pé ẹ sanwó, wọn ò gbà á. Kóòtù ìhín ní tábìlì kan tí wọ́n máa ń jókòó sí, lọ́yà báńkì lápá kan, ẹ̀yin lápá kejì, ẹnìkan láàárín. Nígbà mìíràn wọ́n á gbé owó àwọn oṣù tí ẹ kò san lọ sí ìparí àwọn ọdún tí ẹ máa fi san gbèsè ilé, ẹ̀yin á sì máa san toṣù lọ bíi ti tẹ́lẹ̀. Mi ò ṣèlérí o. Mo ti rí èyí tó yanjú, mo ti rí èyí tí kò yanjú. Ṣùgbọ́n mi ò tíì rí ilé òfìfo tí wọ́n bá jókòó sọ̀rọ̀ rí."

Nadine wo sítóòfù. "Gil ní tí a bá ti lọ, ó tán. Báńkì á gba ilé, wọ́n á fi wá lọ́rùn sílẹ̀."

Ivette yíjú sí òdìkejì títì. Ilé kan wà níbẹ̀ tí koríko rẹ̀ ga dé ìbàdí, tí wọ́n fi pákó kan fèrèsé rẹ̀ pa.

"Ta ló ni ìyẹn?"

"Báńkì ni. Àwọn Pavlik ló ń gbé ibẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ó ti pẹ́ tí wọ́n ti lọ."

"Báńkì kò gbà á. Ó pe ẹjọ́ ni, àwọn Pavlik sá lọ, ilé bẹ̀rẹ̀ sí í jò, báńkì wò ó pé àǹfààní kan kò sí níbẹ̀ mọ́, ó sì fi ẹjọ́ sílẹ̀. Orúkọ wọn ló ṣì wà lórí ilé náà. Ó wà nínú àkọsílẹ̀ ilẹ̀, ẹnikẹ́ni ló lè lọ wò ó. Owó orí rẹ̀, owó ìtanràn koríko yẹn, ta lẹ rò pé wọ́n ń kọ ọ́ sí lọ́rùn?"

Nadine yíjú sí ilé náà. Lọ́dún tó kọjá, nígbà tí ìdààmú wọn bẹ̀rẹ̀, ó máa ń dúró lójú fèrèsé yàrá ìdáná, á máa wo ilé yẹn, á sì máa jowú àwọn Pavlik. Ó máa ń rò ó lọ́kàn rẹ̀ pé wọ́n wà níbì kan tí oòrùn wà, wọ́n na ẹsẹ̀, ọkàn wọn fúyẹ́.

"Ọjọ́ wo ni ìwé yìí dé?" Ivette bi í.

Nadine sọ ọ́. Ivette fi ìka kà á, ó tún un kà.

"Òní ni ọjọ́ tí wọ́n fún yín láti fèsì parí. Tí ọ́fíìsì akọ̀wé kóòtù bá tì lónìí tí ẹ kò fèsì, ẹnu báńkì nìkan ni adájọ́ máa gbọ́."

Nadine fa fóònù yọ, ó pe Gil. Ohùn orin kan bẹ̀rẹ̀ lórí tábìlì tí wọ́n ń gba owó sí. Fóònù Gil ló dùbúlẹ̀ síbẹ̀, ó ń gbọ̀n lẹ́gbẹ̀ẹ́ páànù owó. Ó ti gbàgbé rẹ̀ sílé.

"Mi ò lè ṣe é láìsí òun."

"Orúkọ yín wà níbẹ̀. Ẹ lè fèsì fún ara yín."

Nadine wo fóònù méjèèjì. Nínú ìgbéyàwó wọn, Gil ló máa ń ti ilẹ̀kùn lálẹ́, Gil ló ń bá àwọn ènìyàn bíi báńkì sọ̀rọ̀. Òun ń wa bọ́ọ̀sì, ó ń rán kọ́tìnì, ó ń gba ohun tí Gil bá sọ. Bí ó bá lọ, ìjà ni. Bí kò bá sì lọ, kí ilẹ̀ tó ṣú, wọ́n á wà lójú ọ̀nà Indiana, sítóòfù á sì ti di ti ẹlòmíràn.

"Lọ."

Bàbá Baranek ni. Ó ti wá dúró tì wọ́n, ìṣó kún ọwọ́ rẹ̀.

"Bàbá, ẹ gbọ́ gbogbo ohun tí…"

"Etí mi kò dáa, ṣùgbọ́n kò tíì burú tó bẹ́ẹ̀." Ó kó ìṣó sápò. "Nígbà tí wọ́n kọ́kọ́ ti ilé iṣẹ́ irin, èmi àti Zofia ìyàwó mi máa ń fa aṣọ bo fèrèsé ká tó jẹun, kí àwọn ènìyàn má baà rí i pé ọ̀dùnkún lásán la ń jẹ. Gbogbo àdúgbò yìí ló ń bo fèrèsé. Ó pẹ́ ká tó mọ̀ pé ọ̀dùnkún ni gbogbo wa ń jẹ. Lọ, ọmọ mi. Màá jókòó ti ọjà."

Ó lọ.

Ọkọ̀ Ivette ń hó bí ìkòkò, wọ́n sì kọ èsì náà sórí àga gígùn kan ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ kóòtù. Ivette kò kọ ọ́ fún un. Ó ní kí ó kọ ọ́ bó ṣe máa sọ ọ́. Nadine kọ nípa ẹ̀yìn Gil. Ó kọ nípa owó tí wọ́n dá padà. Ó kọ pé àwọn fẹ́ jókòó sí tábìlì náà. Bí ó ṣe ń kọ ọ́ ni ó ń rí i pé kò sí ọ̀kan nínú rẹ̀ tó jẹ́ ẹ̀ṣẹ̀.

Lẹ́yìn káńtà, ọmọbìnrin kan tó ń jẹ ṣingọ́ọ̀mù gba ìwé náà, ó lu òǹtẹ̀ lé e, ó fún un ní ẹ̀dà kan.

"Ẹ máa retí wa," ó ní, ojú rẹ̀ ti wà lára ẹni tó kàn.

Nadine ṣì dúró.

"Ó tán," Ivette ní, ó fà á lápá. "Ìyẹn ni kóòtù tí ẹ̀ ń sá fún."

Nígbà tí ó padà dé, ọkọ̀ akẹ́rù Dwight ti wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ koríko, Gil sì dúró tì í pẹ̀lú ojú pípọ́n. Bàbá Baranek jókòó lórí àga yàrá ìdáná, apá lórí àyà. Ẹrù wọn wà níbẹ̀ bí ó ṣe fi í sílẹ̀.

"Nadine, bàbá yìí ti ya wèrè! Ẹni mẹ́ta béèrè sítóòfù lójú mi, ó ní ẹgbẹ̀rún dọ́là ni."

"Sítóòfù gidi ni," Bàbá Baranek ní.

"Ó ní tábìlì ìjẹun wa kì í ṣe fún títà, pé ọba Poland ló jẹun lórí rẹ̀!"

"Ẹ ò lè fi hàn pé irọ́ ni." Arúgbó náà dìde díẹ̀díẹ̀. Ó fọwọ́ kan Nadine léjìká bó ṣe ń kọjá lọ sílé rẹ̀.

Nadine sọ fún Gil. Kò gbìyànjú láti sọ ọ́ dáadáa, ó kàn sọ ọ́ tán. Àwọ̀ ojú Gil ń yí padà bó ṣe ń sọ ọ́.

"O lọ sọ̀rọ̀ wa níta? Lójú gbogbo ènìyàn?"

"Ọmọbìnrin kan ni, ó ń jẹ ṣingọ́ọ̀mù. Kò tilẹ̀ wò mí."

"Tí wọ́n bá sì kọ̀ ńkọ́?"

"Wọ́n lè kọ̀."

"Wọ́n á wá kó wa sí títì, bí wọ́n ṣe kó bàbá mi."

"Tó bá máa dé ibẹ̀, oṣù púpọ̀ ló kù, wọ́n á sì ti sọ fún wa kó tó dé. Ṣùgbọ́n Gil, wò ó." Ó na ọwọ́ sí àga, sí ife, sí bẹ́ẹ̀dì tí wọ́n tú. "Báńkì kò tíì fọwọ́ kan nǹkan kan nínú gbogbo èyí. Àwa la kó o síta."

Gil jókòó sí ìdí ọkọ̀ akẹ́rù. Ó wo ẹrù náà títí, bí ẹni tó ń rí i fún ìgbà àkọ́kọ́ láti àárọ̀. Afẹ́fẹ́ adágún ń fẹ́ àwọn bébà pélébé tí ó lẹ̀ mọ́ wọn. Nadine sọ ti àwọn Pavlik fún un. Gil gbójú sókè wo òdìkejì títì, ó sì tún gbé ojú sílẹ̀.

Ọkọ̀ kan rọra dúró lẹ́bàá wọn. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan yọ orí jáde, ìyàwó rẹ̀ na ọrùn lẹ́yìn rẹ̀.

"Ẹ káàsán o! Ṣé ẹ ṣì ń tà? A rí i pé ẹ ń kó lọ."

Nadine la ẹnu, ṣùgbọ́n Gil ti dìde, ọwọ́ kan lẹ́yìn ìbàdí.

"Rárá," ó ní. "A ò kó lọ síbì kankan."

Ó sọ ọ́ ketekete. Àwọn tó jókòó sí iwájú ilé wọn lọ́ọ̀ọ́kán yíjú wò ó, kò sì rẹ ohùn sílẹ̀.

"Ibí là ń gbé."

Ọkọ̀ náà lọ. Gil dúró lórí koríko, ó ń wo ibi tó gbà lọ, àyà rẹ̀ ń lọ sókè sódò. Nadine wá rí i pé Indiana kò wù ú rí. Gbogbo ìgbà tí ó fi ń di ẹrù, tó ń payín keke, tó ń sọ pé ọ̀rọ̀ ti parí, ńṣe ló ń retí kí ẹnìkan sọ fún òun pé wọn kò tíì lé òun.

Nadine tẹ̀ba, ó di orí kan tábìlì mú.

"Gbé tìrẹ," ó ní. "Rọra o."